Ìkòkò Tí Kò Rí Iná

Àlọ́ o!
Àlọ̀!

Àlọ́ mi dá lórí Ìjàpá, ọkọ Yánníbo. Ó dá lórí àwọn ọmọ ẹranko Ìsàn-Èkìtì.

Ní Ìsàn, ìkòkò mímọ niṣẹ́ àwọn ìyá. Láyé ọjọ́un, ọba ẹranko pàṣẹ: kí gbogbo ọmọ tó ń bàlágà mọ ìkòkò kan. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, ẹni tó bá fi ìkòkò rẹ̀ pọnmi odò dé ààfin ni yóò joyè.

Àwọn ọmọ wa amọ̀. Wọ́n gún un. Wọ́n mọ ọ́n. Ó ku kí ó gbẹ lábẹ́ ibòòji, ó ku kí iná sun ún. Ó sú wọn.

Ìjàpá gbọ́. Ó kọ́lé kan sẹ́yìn ìlú, ó pè é ní Ilé Ìyanu. Ó ní: "Ẹ̀yin ọmọ, ta ló ń ro ẹ̀ẹ̀rùn nígbà òjò? Ẹ mówó wá. Màá fi osùn kun ìkòkò yín, yóò pọ́n bí èyí tí iná sun."

Ọmọ Ewúrẹ́ sanwó. Ọmọ Ọ̀bọ sanwó. Àwọn òbí ń yọ́ wá lóru, láti Ọ̀yẹ́, láti Ìkọ̀lé, wọ́n ń sanwó. Bílẹ̀ bá mọ́, àwọn náà ni yóò máa pariwo pé ọmọ ìwòyí kì í ṣiṣẹ́.

Ọmọ Ọ̀kẹ́rẹ́ nìkan ló kọ̀. Yèyé rẹ̀ àgbà ti wí fún un pé ìkòkò tí yóò jata, ìdí rẹ̀ á kọ́kọ́ gbóná. Ó ń ro ẹ̀ẹ̀rùn, ó ń ṣẹ́gi. Ìjàpá fi orin bú u, àwọn ọmọ yòókù ń gbè é:

Má ṣẹ́gi mọ́, Ọ̀kẹ́rẹ́ o,
*Jàńjàlá.*
Ọ̀la jìnnà, òní ló dùn,
*Jàńjàlá.*
Osùn wa pọ́n ju iná lọ,
*Jàńjàlá.*

Ẹ̀ẹ̀rùn dé. Gbogbo wọn rodò. Ìkòkò ọmọ Ewúrẹ́ yọ́ lé e lórí. Ti ọmọ Ọ̀bọ di ẹrẹ̀ létí odò. Ọmọ Ọ̀kẹ́rẹ́ gbómi dé ààfin, ẹ̀kán kan kò jò.

Àwọn tí ìkòkò wọn yọ́ gba ilé Ìjàpá lọ. Ó sá pamọ́ sínú ìkòkò olósùn tó tóbi jù. Wọ́n da omi sí i. Ìkòkò wó lé e, amọ̀ gbẹ mọ́ ọn lẹ́yìn. Ìdí nìyí tí ẹ̀yìn Ìjàpá fi rí bí àpáàdì tí wọ́n tò pọ̀ títí dòní.

Ọmọ Ọ̀kẹ́rẹ́ joyè. Ọba wá bi àwọn òbí léèrè: "Ta ló sanwó fún Ìjàpá nínú yín?" Kò sẹ́ni tó nawọ́.

Ọmọ tí a kò kọ́ láti ro ọ̀la, osùn ni yóò máa rà. Ẹ̀yin òbí tí ẹ ń gbọ́ àlọ́ mi, ẹ fowó yín sápò, kí ẹ jẹ́ kọ́mọ ṣẹ́gi.