Sí Bọ̀ọ̀dá Àkànní, Tó Fẹ́ Rin Ìlú Mẹ́jọ Ní Ọjọ́ Márùn-ún

Bọ̀ọ̀dá mi Àkànní, ẹ kú òtútù Peckham o.

Ètò ìrìn-àjò tí ẹ fi ránṣẹ́ ti tẹ̀ mí lọ́wọ́. Mo tẹ̀ ẹ́ jáde, mo gbé e káàkiri ilé, gbogbo wa la sì kan sáárá sí yín. Ó rẹwà lóòótọ́. Àwọ̀ ewé ni ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé, pupa ni oúnjẹ, búlúù ni ojú ọ̀nà. Abẹ́òkúta, Ìbàdàn, Ọ̀yọ́, Ifẹ̀, Òṣogbo, Ìdànrè, Àgbádárìgì, títí dé Ouidah ní orílẹ̀-èdè Benin, gbogbo rẹ̀ láàárín ọjọ́ márùn-ún. Ìṣẹ́jú 30 lẹ yà sọ́tọ̀ fún àmàlà n'Íbàdàn. Ìṣẹ́jú 15 lẹ yà sọ́tọ̀ láti kí Ìyá Àgbà ní Bẹẹrẹ. Ìyá Àgbà ní kí n tún ibẹ̀ kà fún àwọn. Nígbà tí mo kà á tán, wọ́n ní kí n bi yín pé ṣé ọlọ́pàá ló ń lé yín ni.

Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ inú ilé ló yẹ kí èyí jẹ́. Ṣùgbọ́n ohunkóhun tí mo bá kọ sí yín lórí WhatsApp, àwòrán àtàǹpàkò kan báyìí lẹ fi ń dá mi lóhùn, ọ̀rọ̀ á sì kú síbẹ̀. Irú yín náà pọ̀ tó ń bọ̀ ní Dìsẹ́ńbà láti London, láti Houston, láti Toronto, tí wọ́n fẹ́ fi gbogbo ilẹ̀ baba wọn han àwọn ọmọ láàárín Kérésìmesì àti ọdún tuntun. Bí wọ́n bá gbọ́ ohun tí mo ń bá yín sọ, kò burú.

Ìmọ̀ràn mi kò pọ̀: ẹ yọ ìlú mẹ́rin kúrò nínú mẹ́jọ. Èyí tó bá kù, ẹ sùn níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ yìn yín. Ẹ ní reluwé lẹ máa wọ̀ kúrò l'Ékòó, mo gbà fún yín. Ojú irin tuntun láti Èkó sí Ìbàdàn, tí Ààrẹ Buhari ṣí ní oṣù Kẹfà 2021, gùn tó kìlómítà 157, bíi wákàtí méjì ààbọ̀ ni ọkọ̀ sì fi ń rìn ín. Ẹni tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ bá ti ká mọ́ ojú ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn láti àárọ̀ di ọ̀sán mọ ohun tí ìyẹn jẹ́. Afẹ́fẹ́ tútù wà nínú ọkọ̀ náà, àga wà, kò sì sí ẹni tó máa fi gálà àti omi inú ọ̀rá sáré tẹ̀lé fèrèsé yín. (Èyí tó gbẹ̀yìn yẹn dun èmi díẹ̀.)

Àmọ́ ohun tó dùn jù nínú ìrìn náà kò sí nínú ètò yín rárá: orúkọ àwọn ibùdókọ̀. Ọdún 2020 ni ìjọba fi orúkọ àwọn èèyàn ńlá sọ wọ́n, ẹni tó bá sì mọ ìtàn ìṣèlú wa lè máa rẹ́rìn-ín láti Ẹ̀bútè Mẹ́tà dé Mọ́níyà. Mobọ́lájí Johnson lẹ máa fi sílẹ̀ l'Ékòó. Agége jẹ́ ti Fáṣọlá, Àgbàdo jẹ́ ti Jákàńdè. Ní Papalantó, ẹ kí Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti. L'Ábẹ́òkúta, Wọlé Ṣóyínká ló ń dúró dè yín. Olódó tẹ̀lé e, ti Olúṣẹ́gun Ọ̀ṣọbà nìyẹn. Omi-Àdìó ló kàn, tí wọ́n fún Ládòkè Akíntọ́lá, kí ẹ tó wá gúnlẹ̀ sí Mọ́níyà n'Íbàdàn, tí wọ́n fún Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀. Ṣé ẹ rí i báyìí? Ìjà Awólọ́wọ̀ àti Akíntọ́lá ló dá Ìwọ̀-Oòrùn rú ní 1962. Ní 1965, wọ́n fẹ̀sùn kan Ṣóyínká pé òun ló gbé ìbọn wọ ilé-iṣẹ́ rédíò n'Íbàdàn kí ohùn Akíntọ́lá má baà jáde, ilé ẹjọ́ sì dá a sílẹ̀. Lónìí, irin kan náà ló so àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, ẹni tó bá sì ń lọ sọ́dọ̀ Awólọ́wọ̀ gbọ́dọ̀ gba ẹnu ọ̀nà Akíntọ́lá kọjá. Ẹ sọ ọ́ fún àwọn ọmọ bí ọkọ̀ bá ṣe ń lọ. N kò mọ ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé tí yóò sọ ọ́ fún wọn dáadáa tó bẹ́ẹ̀.

Nínú ètò yín, ìlà tó tẹ̀lé ti Èkó sí Ìbàdàn ló pa wá lẹ́rìn-ín. Ẹ kọ ọ́ pé: reluwé, Ìbàdàn sí Ifẹ̀, ìṣẹ́jú 45. Bọ̀ọ̀dá, reluwé wo? Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í la irin láti Èkó ní 1896, irin náà dé Ìbàdàn ní 1901, ó gba Ìwó àti Ẹdẹ, ó dé Òṣogbo ní 1907, ó sì forí lé Ìlọrin. Kò ya Ifẹ̀ rárá, kò sì tí ì yà á di òní. Òṣogbo ló jèrè irin àtijọ́ yẹn. Nígbà tí Arẹ́gbẹ́ṣọlá ń ṣe gómìnà, ìjọba Ọ̀ṣun a máa fi reluwé ọ̀fẹ́ kó àwọn ọmọ ìpínlẹ̀ náà láti Èkó wá ṣọdún nílé. Ẹ̀yin tí ẹ ń gba owó pọ́n-ùn, mo mọ̀ pé ẹ kò ní fẹ́ tò sórí ìlà ọkọ̀ ọ̀fẹ́.

Ẹ tún kọ ọ́ pé reluwé á dé Ìbàdàn ní 10:30, ẹ ó sì ti wà ní Gbọ̀ngàn Mápó ní 10:45. Mọ́níyà wà lẹ́yìn Ọjọ́ọ̀, lọ́nà Ọ̀yọ́. Kí ẹ tó dé Mápó, ẹ máa kọjá lára Yunifásítì, Sáńgo àti Mọ́kọ́lá, nínú Micra tí wọ́n ti rọ èèyàn mẹ́rin sí ẹ̀yìn rẹ̀, tí dẹ́rẹ́bà ṣì ń wá ẹnì kan sí i síwájú. Ti Abẹ́òkúta náà kò yàtọ̀: Làdérin ni ibùdókọ̀ wà, àpáta Olúmọ wà láàárín ìlú. Àkókò tí reluwé bá yín fi pamọ́, ìgboro á gbà lára rẹ̀.

Nítorí náà, ẹ bọ́ sílẹ̀ l'Ábẹ́òkúta, ẹ sùn, kí ẹ wọ reluwé ọjọ́ kejì lọ sí Ìbàdàn. Ẹ̀rọ agbénigòkè wà ní Olúmọ, mo sì mọ orúnkún yín. Síbẹ̀, ẹ gba àtẹ̀gùn tó la àárín àpáta kọjá, níbi tí èèyàn ní láti fẹ̀gbẹ́ rìn, kí àwọn ọmọ lè rí ibi tí àwọn Ẹ̀gbá sá sí nígbà tí Ṣódẹkẹ́ kó wọn débẹ̀ ní 1830. Gbogbo ọ̀sán tó bá kù, ẹ fi fún ọjà Ìtòkú. Àwọn ìyá aláàdìrẹ ibẹ̀ mọ ẹni tó ń wo aago; iye tí wọ́n máa pè fún un yàtọ̀. Ẹ jókòó tì wọ́n. Ẹ ní kí wọ́n fi àdìrẹ ẹlẹ́kọ hàn yín, èyí tí wọ́n fi ẹ̀kọ láfún ya ọnà sí lára kí wọ́n tó rì í sínú aró, kí wọ́n sì fi oníko hàn yín, èyí tí wọ́n dì ní kókó-kókó. Ẹ béèrè èyí tó jẹ́ aró ẹ̀lú gidi àti èyí tó jẹ́ aró inú agolo. Àti pé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí ìyàwó yín ná ọjà náà. Gẹ̀ẹ́sì yín yẹn á gbówó lé e.

Ìbàdàn, ẹ ti mọ̀ ọ́n, n kò ní pẹ́ níbẹ̀. Ẹ gun Layípo ní Òkè Àrẹ, ilé ìṣọ́ tí wọ́n kọ́ ní 1936, kí àwọn ọmọ fi ojú ara wọn rí òrùlé ìlú náà bó ṣe lọ salalu. Ẹ yà sí Gbọ̀ngàn Mápó. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ jókòó ti Ìyá Àgbà. Ìṣẹ́jú 15 tí ẹ fún wọn kò tó kí wọ́n fi ki oríkì yín dé ìdajì, wọn kò sì tí ì béèrè ìdí tí ẹ fi rù.

Láti Ìbàdàn lọ, ọwọ́ gáréèjì ni ètò yín bọ́ sí. Ẹ kọ "bọ́ọ̀sì aago mẹ́sàn-án". Ní gáréèjì Ìwó Road, ọkọ̀ tó bá kún ló ń lọ. Bí èrò bá pé ní aago mẹ́jọ, ó ti lọ. Bí ó bá ku ẹnì kan ní aago mọ́kànlá, ẹ ṣì wà níbẹ̀, ẹ sì ti gbọ́ gbogbo ìtàn ọkọ àkọ́kọ́ ẹni tó jókòó tì yín. Ẹni tí kò bá lè dúró á sanwó àyè tó kù, tàbí kó gba dírọ́ọ̀pù. Èmi fara mọ́ ọn kí ẹ háyà ọkọ̀ àti dẹ́rẹ́bà tó mọ̀nà fún apá yìí, kí ẹ sì rí i pé ilẹ̀ kò ṣú bá yín lójú ọ̀nà; ẹ mọ bí ìlú ṣe rí. Ìdí mìíràn tí mo fi fẹ́ kí ọkọ̀ jẹ́ tiyín ni Ìkirè. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti pọ́n rẹ̀gẹ̀jẹ̀ ni wọ́n ń gún mọ́ ata àti iyọ̀, tí wọ́n ń dín títí á fi dúdú. Dòdò Ìkirè, dẹ́rẹ́bà gáréèjì kì í fún èèyàn láyè kó yàn án bó ṣe yẹ. Kí ẹ tó débẹ̀, ní Aṣéjìrè, ẹ sọ fún àwọn ọmọ pé omi tí wọ́n sé síbẹ̀ tí Ìbàdàn ń mu, odò Ọ̀ṣun ni, òun náà ni wọ́n sì máa lọ bá ní Òṣogbo.

Nípa Ifẹ̀, ìbéèrè kan ni mo ní. Ní 1938, àwọn tó ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé ní agboolé Wúnmọníjẹ̀, nítòsí ààfin Ọọ̀ni, wú àwọn orí idẹ jáde nílẹ̀. Méjì nínú wọn, Bascom, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà, rà wọ́n lọ, ó sì dá wọn padà ní 1950. Ọ̀kan wà ní British Museum láti 1939. Kò padà. Ẹ̀yin tí ẹ ti ń gbé London láti ìgbà tí irun yín ṣì dúdú, tí wọn kì í sì í gbowó ìwọlé níbẹ̀, ṣé ẹ ti lọ kí orí yẹn rí? Mo bi ìyàwó yín, ẹ̀rín ni wọ́n fi dá mi lóhùn. Ẹ kó àwọn ọmọ lọ wò ó kí ẹ tó wọ ọkọ̀ òfuurufú. Bí wọ́n bá wá dé ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé Ifẹ̀, wọ́n á mọ ẹni tí kò sí níjòókòó.

Láti Ifẹ̀, ẹ gba Ṣẹ̀kọ̀nà sí Ẹdẹ, kí ẹ má sì sùn nínú ọkọ̀ bí ẹ bá dé Ẹdẹ. Ibẹ̀ ni Ajagẹmọ, àwòrò Ọbàtálá, ti gba Susanne Wenger tọwọ́tẹsẹ̀, obìnrin ará Austria tó dé Nàìjíríà ní 1950, tí gbogbo ayé wá mọ̀ sí Àdùnní Olóòṣà. Òun àti àwọn ọmọ ìlú ló gba Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo sílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tó fẹ́ gé igi rẹ̀ tí wọ́n sì fẹ́ ilẹ̀ rẹ̀. Nínú wọn, bíríkìlà ni Adébísí Àkànjí kó tó di pé ó ń fi sìmẹ́ńtì ṣe ọnà sára ògiri igbó náà. Bùráímọ̀ Gbàdàmọ́sí gbẹ́ òkúta, Kasali Àkàngbé gbẹ́ igi. UNESCO gba igbó náà sínú ìwé ogún àgbáyé ní 2005, Àdùnní sì kú ní 2009, ní Òṣogbo. Hẹ́kítà 75 ni igbó yẹn, Bọ̀ọ̀dá, ẹ sì fún un ní ìṣẹ́jú 40, pẹ̀lú fọ́tò. Ẹ fún un ní òwúrọ̀ kan. Ẹ wá ère Ìyá Mọ́pó, òrìṣà iṣẹ́ ọwọ́ obìnrin, tí àwọn aláró ń kì, kí àwọn ọmọ lè rántí àwọn tí wọ́n rí ní Ìtòkú.

Ẹ kọ "ọdún Ọ̀ṣun" sí ọjọ́ 27 Dìsẹ́ńbà. Oṣù Kẹjọ ni Arugbá ń gbé igbá lọ sódò. Òkèbàdàn wà ní Máàṣì, Ojúde Ọba ń tẹ̀lé Iléyá. Àwọn òrìṣà kò mọ ọjọ́ tí iléeṣẹ́ yín fún yín ní ìsinmi. Bí ọdún lẹ bá fẹ́ wò, ẹ lọ tọrọ àyè ní Ọ́gọ́ọ̀sì.

Àwọn ìlú mẹ́rin tí mo ní kí ẹ yọ ńkọ́? Àtẹ̀gùn Ìdànrè lé ní 600. Lẹ́yìn Olúmọ, ọ̀dọ̀ oníṣègùn lẹ ti máa bá ọdún tuntun. Ọ̀yọ́ kò ṣeé fi ìkánjú wọ̀, àwọn tó ń fín igbá níbẹ̀ yẹ lẹ́ni tí èèyàn ń wò fún ọjọ́ kan gbáko. Ti Àgbádárìgì àti Ouidah ní ọjọ́ kan ṣoṣo, àlọ àtàbọ̀, ẹ bi ẹnikẹ́ni tó bá ti gba ẹnubodè Sèmẹ̀ kọjá iye ibi tí wọ́n ti dá ọkọ̀ rẹ̀ dúró. Ìwé ìrìnnà búlúù tuntun tí ẹ fi ń yangàn yẹn kò níyì níbẹ̀, wọ́n á ní kí ẹ gba físà. Ti Nàìjíríà tó ní àwọ̀ ewé, tí ẹ ti sọ sísàlẹ̀ àpótí, ló máa wọlé lọ́fẹ̀ẹ́, nítorí ECOWAS.

Ẹ tètè fowó tíkẹ́ẹ̀tì ránṣẹ́, Dìsẹ́ńbà kì í dúró de ẹnikẹ́ni ní Ẹ̀bútè Mẹ́tà. Ẹ ṣírò èmi náà mọ́ ọn, ẹnì kan gbọ́dọ̀ bá yín sọ̀rọ̀ Akíntọ́lá bí a bá dé Omi-Àdìó. Kíláàsì kìn-ín-ní ni mo máa ń jókòó sí.

Èmi ni, àbúrò yín tí ẹ kì í dá lóhùn.