Làpálàpá Kò Yẹ Ẹni Ńlá

Nígbà tí àwọn baba wa rí ọkùnrin tí àrùn ńlá ń jẹ lọ́mọ ìka, tí ó sì jókòó sí ẹ̀yìnkùlé tí ó ń fi oje ewé ra àmì róbótó kan tó wà lẹ́rẹ̀kẹ́ rẹ̀, wọ́n mi orí, wọ́n ní a fi ètè sílẹ̀, a ń pa làpálàpá. Òwe náà bá ìgbà tiwọn mu, nítorí òmùgọ̀ ayé ìgbà náà a máa sá fún ohun tó tóbi lọ dojú kọ èyí tó kéré. Ṣùgbọ́n ayé ti yí po. Òmùgọ̀ òde òní ti kàwé, ó ti ra ọkọ̀, kò sì sí ohun tí ó kórìíra tó kí ènìyàn wí fún un pé làpálàpá lásán ló ń ṣe é. Ètè ni ó ń wá. Bí kò bá sì rí i lára, yóò sanwó kí wọ́n bá a wá a. Èmi tí mò ń kọ ìwé yìí mọ̀ bẹ́ẹ̀ dájú, nítorí ọ̀kan nínú wọn ni mí.

Mo ní ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tòkunbọ̀ kan, arìn-má-fẹsẹ̀-kanlẹ̀, asọ-ọ̀nà-jíjìn-di-tòsí, tí ó ti gbé mi láti Ìbàdàn dé Ìlọrin lọ́pọ̀ ìgbà láìjẹ́ kí ojú tì mí. Ní ìgbà òjò tó kọjá ni ó yí ìwà padà. Bí a bá wà ní pẹ̀tẹ́lẹ̀, ara rẹ̀ á dá ṣáṣá. Ṣùgbọ́n bí a bá kọjú sí òkè Màpó ní àárọ̀ ọjọ́ tí òjò ti rọ̀ mọ́jú, tí mo sì tẹ ẹsẹ̀ mọ́ ọn kí ó lè gun òkè, á bẹ̀rẹ̀ sí í jáàkì gìjà-gìjà bí ẹṣin tó rí ejò lójú ọ̀nà, iná aláwọ̀ ìyeyè tí wọ́n ya ẹ́ńjìnnì sí á sì máa ṣẹ́jú sí mi. Kí n tó béèrè pé kí ló dé, a ti gun òkè tán, ó ti dákẹ́, ó ń rìn bí ìyàwó ọ̀ṣìngín. Bí mo bá sì gbé e dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì, ohùn rẹ̀ á tutù bíi ti ọmọ tó ń jí ẹran nínú ìkòkò ọbẹ̀ tí ìyá rẹ̀ wọlé dé.

Mẹkáníìkì mi àkọ́kọ́ jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin tó mọ iṣẹ́ dé ibi tí fóònù rẹ̀ mọ̀ ọ́n dé. Ó ki nǹkan kékeré kan tó ń bá fóònù rẹ̀ sọ̀rọ̀ bọ ihò tó wà lábẹ́ sítíárìn. Ihò yìí, tí ó ní ojú 16, ni òfin Amẹ́ríkà pa láṣẹ pé kí ó wà lára gbogbo ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tuntun tí wọ́n bá ń tà níbẹ̀ láti ọdún 1996, nítorí kí wọ́n lè máa ṣọ́ èéfín ọkọ̀. Bí ó sì ti jẹ́ pé ikin 16 ni babaláwo fi ń dífá, ojú ihò náà kò wulẹ̀ jọ mí lójú lásán, mo dọ̀bálẹ̀ fún un nínú ọkàn mi. Fóònù dá Odù kan sílẹ̀: P0300.

“Dádì, mísífáyà ni.”

“Èmi náà mọ̀ pé ó ń jáàkì. Kí ló fà á?”

“Ó ti wà nínú kọ̀ǹpútà, Dádì. Bíréènì bọ́ọ̀sì ti lọ.”

Ohun tí ẹ̀rọ náà mọ̀ ní tòótọ́ kò pọ̀. Sílíńdà mẹ́rin ló wà nínú ẹ́ńjìnnì mi. Bí iná bá ta nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, á fi ipá ti ọ̀pá tó ń yí nísàlẹ̀. Bí iná bá kọ̀ tí kò ta nínú ọ̀kan, ọ̀pá náà á fà sẹ́yìn díẹ̀, ìwọ̀nba tí ojú ènìyàn kò lè rí, ọpọlọ ọkọ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní bíréènì bọ́ọ̀sì, á sì ṣírò rẹ̀ sílẹ̀. Bí ó bá mọ ẹni tó jẹ̀bi, á dárúkọ rẹ̀: P0301 ni sílíńdà kìíní, títí dé P0304 fún ìkẹrin. Bí ẹ̀bi náà bá ń fò kiri, á ní P0300. Kò wí pé plọ́ọ̀gì ló kú, kò wí pé nọ́sù ló dí, kò wí pé afẹ́fẹ́ ń gba ibi tí kò yẹ wọlé. Odù lásán ni, kò ní ẹsẹ̀. Babaláwo tó bá dá Odù sílẹ̀ a máa ki ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀, títí ẹni tó wá dífá yóò fi mi orí pé, “Ọ̀rọ̀ mi nìyẹn.” Ọ̀dọ́mọkùnrin yìí rí Odù, ó fo ẹsẹ̀, ó bọ́ sórí ẹbọ.

Kí n sọ òótọ́, inú mi dùn. Ní ibi ìnáwó kan lọ́jọ́ Sátidé, mo wí fún àwọn ẹlẹgbẹ́ mi pé bíréènì bọ́ọ̀sì mi ló lọ, wọ́n sì kẹ́dùn pẹ̀lú mi bí a ti í kẹ́dùn pẹ̀lú ọba tí ẹṣin rẹ̀ kú. Bí mo bá wí fún wọn pé rọ́bà kan ló yó fún ọ́ìlì, ta ni ì bá gbé ọtí kalẹ̀ gbọ́? Ọ̀kan nínú wọn rántí oṣù Èrèlé ọdún 2022, nígbà tí epo bẹntiróòlù tí mẹtanọ́ọ̀lù inú rẹ̀ ju òdiwọ̀n lọ wọ orílẹ̀-èdè wa, ó ní bóyá èyí tó kù nínú táǹkì mi ni, bí ẹni pé n kò ra epo mìíràn láti ìgbà náà. Mo wọ ọkọ̀ èrò lọ sí ọjà Ládípọ̀ ní Múṣin, mo ra bíréènì bọ́ọ̀sì. Mo san owó fún ẹlòmíràn tí yóò sọ̀rọ̀ sí i létí kí ó lè mọ kọ́kọ́rọ́ mi. Mo pààrọ̀ pọ́ọ̀ǹpù epo, a fọ nọ́sù. Ta ló wo plọ́ọ̀gì? Kò sẹ́ni. Fóònù kò dárúkọ rẹ̀. (Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ń ṣe é ní ọ́fíìsì ìjọba: ẹ̀rọ omi ń jò lẹ́nu, wọ́n gbé ìgbìmọ̀ dìde láti lọ wo odò ní òkè òkun.) Ọkọ̀ mi gbé gbogbo ẹbọ náà mì, ó sì tún jáàkì ní òkè Màpó.

Bàbá kan wà ní àdúgbò wa, tí ó kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì lórí ọkọ̀ Morris Minor, tí kò sì ríran dáadáa mọ́ àfi kí ó fi awò sójú. Ó jókòó, ó ń jẹ iṣu, ó bi mí léèrè ohun tí ẹnikẹ́ni kò bi mí láti ìgbà tí ọ̀ràn náà ti bẹ̀rẹ̀.

“Ọmọ mi, ìgbà wo ló máa ń ṣe é?”

“Bí a bá ń gun òkè ni, Bàbá.”

“Òjò ńkọ́?”

“Òjò a máa dá kún un.”

“Ṣé wọ́n ti tú plọ́ọ̀gì wò?”

Mo dákẹ́. Ó gé iṣu sẹ́nu, ó ní kí n gbé e wá ní ìdájí, kí jẹnẹrétọ̀ àwọn ará ilé kejì tó bẹ̀rẹ̀ ariwo. Èmi rò pé ó fẹ́ bọ Ògún ni, mo tilẹ̀ mú obì dání.

Ní ìdájí náà, ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó fi ike tí àwọn onígbàjámọ̀ fi ń fín omi sórí fín omi díẹ̀ sórí àwọn kọ́ìlì tó ń fún plọ́ọ̀gì níná, ó ní kí n ki jíà bọ̀ ọ́, kí n tẹ búréèkì pinpin, kí n sì rọra tẹ iná sí i. Ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Bàbá na etí sí i, ó nawọ́ sí mi pé kí n dúró bẹ́ẹ̀, èmi náà sì gbọ́ ọ, ohùn kékeré kan lábẹ́ ariwo ẹ́ńjìnnì, tá, tá-tá, tá, bí èékánná tó ń kan àwo. Olè tó ti ń fi ojoojúmọ́ ṣe tirẹ̀, ọjọ́ olóhun pé. Nígbà tí ó pa ẹ́ńjìnnì tí ó fa kọ́ìlì kejì yọ, rọ́bà gígùn tó fi ń gun orí plọ́ọ̀gì jáde, ó wú, ó sì ń kán ọ́ìlì tó-tó-tó; ìkẹta náà rí bẹ́ẹ̀. Róbótó rọ́bà tó wà lábẹ́ tápẹ́ẹ̀tì kọ́fà ti gbó, ó le bí èèpo àgbọn, ọ́ìlì sì ń gba ibẹ̀ wọ ihò plọ́ọ̀gì. Bàbá tú plọ́ọ̀gì náà, ó gbé e sún mọ́ awò rẹ̀, ó fi hàn mí: lára tánńganran funfun náà, ìlà dúdú tín-ín-rín kan sọ̀ kalẹ̀ láti òkè dé ibi irin, bí ìgbà tí ọmọdé fi pẹ́ńsù fà á.

Ọ̀nà tí iná ń gbà sá lọ nìyẹn. Ní pẹ̀tẹ́lẹ̀, iná a máa jẹ́ iṣẹ́ tí a rán an, á fo àlàfo kékeré tó wà lẹ́nu plọ́ọ̀gì, epo á gbiná. Ṣùgbọ́n bí a bá ń gun òkè, afẹ́fẹ́ tí a kì sínú sílíńdà á pọ̀, á le, fífo náà á gba agbára jù. Iná á wá ṣe bí ọmọ ọ̀lẹ tí a rán lóko, tí ó yà sí ilé ọtí tó wà lẹ́bàá ọ̀nà. Òjò ló sì ń ṣílẹ̀kùn ilé ọtí náà fún un.

Rọ́bà, plọ́ọ̀gì mẹ́rin, àti owó iṣẹ́ Bàbá, gbogbo rẹ̀ kò tó owó tí mo san fún ẹni tó sọ̀rọ̀ sí bíréènì bọ́ọ̀sì létí. Bàbá béèrè iye tí mo ti ná ṣáájú. Mo sọ fún un. Ó bọ́ awò rẹ̀, ó fi etí bùbá nù ún, ó tún un dé ojú, kò sọ nǹkan kan. Ó kàn gba obì lọ́wọ́ mi, ó pa á, ó sì jẹ ẹ́.

Bíréènì bọ́ọ̀sì mi àtijọ́, tí kò ṣẹ̀ ẹnikẹ́ni, wà nínú nílọ́ǹ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ẹni tí a jọ ń gbé àdúgbò, tí ọkọ̀ rẹ̀ jẹ́ irú kan náà pẹ̀lú tèmi, wá jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi, ó ní òun kò mọ ohun tó ń ṣe ọkọ̀ òun tí ó fi ń jáàkì lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Mo wò ó. Ènìyàn ńlá ni, agbádá rẹ̀ nìkan kún orí àga. Mo gbọ́ ohùn ara mi tó ń wí pé, “Alàgbà, ṣé wọ́n ti bá yín wo bíréènì bọ́ọ̀sì rẹ̀? Mo ní ọ̀kan nínú ilé.”