Ẹ Má Gba Pẹ́ńṣọ̀n Ọ̀gá, Ẹ Ní Kó Wá Tò

Ọ̀gá iṣẹ́ ọba tàbí olóṣèlú tí ilé ẹjọ́ ti dá lẹ́bi pé ó kówó ìlú jẹ, ṣé ó yẹ kí wọ́n ṣì máa san owó ìfẹ̀yìntì fún un? Ẹ bi ìyá tó ń dín àkàrà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin ní Ìjọ́rà Bàdíà, l'Ékòó. Ẹ ò ní tíì béèrè tán tí yóò ti dáhùn, èpè ni yóò sì fi bẹ̀rẹ̀. Èmi ò sí lẹ́yìn ìyá alákàrà. Mo ní kí wọ́n san án, kí wọ́n san án pé, kọ́bọ̀ kan ò gbọdọ̀ dín. Ẹ̀bẹ̀ mi ò ju ẹyọ kan lọ: bí wọ́n ṣe ń san án fún tíṣà ni kí wọ́n ṣe máa san án fún ọ̀gá.

Akọ̀wé kékeré tó bá ṣe màgòmágó lọ́fíìsì ìjọba, tí wọ́n sì lé e dànù, Òfin Iṣẹ́ Ọba ti sọ tirẹ̀: ẹ̀tọ́ ìfẹ̀yìntì rẹ̀ ti wọmi, àfi èyí tí òfin pẹ́ńṣọ̀n bá gbà sílẹ̀ fún un. Ẹnikẹ́ni ò gbé ìgbìmọ̀ dìde nítorí tirẹ̀. Ẹ wá jẹ́ kí ọ̀rọ̀ kan àwọn alágbádá, kíá ni lọ́yà á dìde, á ní ìwé òfin ọdún 1999 ò gbà á. Mo ka abala 173 àti 210 tí wọ́n ń wí. Ó ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fawọ́ pẹ́ńṣọ̀n òṣìṣẹ́ ọba sẹ́yìn, àfi ibi tí òfin bá gbà á dé, títí kan òfin tó de ìwà àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba. Bí lọ́yà bá ti kà á débi “àfi” yẹn ni awò ojú ẹ̀ máa ń sọnù.

Èkó ò kúkú jẹ́ kí gómìnà tirẹ̀ ráhùn. Òfin tí Gómìnà Bọ́lá Tinúbú fọwọ́ sí ní 2007, kó tó kúrò lórí àlééfà, fún gómìnà tó bá lo sáà méjì ní ilé kan l'Ékòó àti òmíràn l'Ábùújá, owó oṣù gómìnà tó wà lórí àga lódindi, mọ́tò mẹ́fà tuntun lọ́dún mẹ́ta mẹ́ta, alásè, ológbà, àti owó àga òun bẹ́ẹ̀dì lọ́dún méjì méjì, tó jẹ́ ìlọ́po mẹ́ta owó iṣẹ́ ọdún kan. Irú bẹ́ẹ̀dì wo ló ń gbó láàárín ọdún méjì? Fómù tí ìyàwó mi gbé wọlé ọkọ la ṣì ń sùn lé. (Mi ò sọ pé gómìnà Èkó kankan kówó jẹ o. Mi ò lówó lọ́yà.) Ní oṣù kọkànlá ọdún 2020, Gómìnà Babájídé Sanwó-Olú ní òun á kọ̀wé sílé aṣòfin kí wọ́n fagi lé òfin náà pátápátá. Nígbà tó fi máa di 2021, ohun tí wọ́n ń sọ nílé aṣòfin ni pé kí wọ́n gé owó ọ̀hún sí ìdajì. Ní Bàdíà tí ìjọba ti máa ń wólé ńkọ́? Wọn kì í wó ààbọ̀ ilé.

Ìyẹn ló gbé mi dé ọdún 2013. Ní ọjọ́ 28 oṣù kìn-ín-ní, John Yakubu Yusufu, ọ̀kan nínú àwọn tó ń bójú tó owó ìfẹ̀yìntì ọlọ́pàá, dúró níwájú adájọ́ l'Ábùújá, ó ní òun jẹ̀bi. Owó tí wọ́n ń wí lé ní bílíọ̀nù 20 náírà. Adájọ́ Abubakar Talba ní kó lọ ṣẹ̀wọ̀n ọdún méjì, tàbí kó san 750,000 náírà. Bàbá san án lójú ẹsẹ̀. Òótọ́ ni pé EFCC, àjọ tó ń gbógun ti ìwà jìbìtì, tún gbá a mú, pé NJC, ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó àwọn adájọ́, ní kí adájọ́ náà lọ rọ́kún nílé fún ọdún kan láìgbowó, àti pé Ilé Ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn padà sọ ọ́ di ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́fà, pé kó sì dá bílíọ̀nù 22.9 náírà padà. Ṣùgbọ́n ọdún 2018 ni wọ́n tó sọ ìyẹn.

Oṣù kan ò tíì pé lẹ́yìn 750,000 yẹn tí katapílà fi wọ Bàdíà East, lọ́jọ́ Sátidé, ọjọ́ 23 oṣù kejì. Amnesty International ní àwọn tó fara gbá a sún mọ́ 9,000. Àwọn kan nínú wọn, láti Olúwọlé ni ìjọba ti kọ́kọ́ lé wọn wá síbẹ̀ ní 1973, nígbà tí wọ́n fẹ́ kọ́ Tíátà Àpapọ̀. Ta ló wá ṣọ́ katapílà? Ọlọ́pàá ni. Àwọn tí ẹnì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ́wọ́ pé òun wà nínú àwọn tó jẹ pẹ́ńṣọ̀n wọn, àwọn náà ló gbébọn dúró, kí ìyá arúgbó má baà padà wọlé lọ mú ìkòkò ọbẹ̀.

Wọ́n tiẹ̀ ti gbé ẹnì kan dìde rí pé kó wá lé àwọn olè pẹ́ńṣọ̀n fún wa. Abdulrasheed Maina ni. Ó lé wọn, ó lé wọn, àfi bí ìjọba ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í wá òun fúnra rẹ̀. Ní 2017 ariwo sọ pé wọ́n ti dá a padà sẹ́nu iṣẹ́, wọ́n sì ti gbé e ga. Ní 2021 ilé ẹjọ́ rán an lẹ́wọ̀n ọdún mẹ́jọ lórí bílíọ̀nù méjì náírà owó pẹ́ńṣọ̀n.

Àwọn kan á ní kí a rọra, pé ilé ẹjọ́ máa ń ṣàṣìṣe. Wọn ò parọ́. Bọ̀dé George, tó ti jẹ́ alága àjọ tó ni Wáàfù Àpápá, ṣẹ̀wọ̀n rẹ̀ tán, ó ti jáde, kí Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ tó sọ ní oṣù kejìlá ọdún 2013 pé kò jẹ̀bi. Ta ló lè dá ẹ̀wọ̀n padà? Nítorí náà ni mo ṣe ní kí wọ́n má gba pẹ́ńṣọ̀n ẹnikẹ́ni.

Kí ọ̀gá kàn wá ṣe ferifikéṣọ̀n ni, àyẹ̀wò tí tíṣà tó ti fẹ̀yìntì ń tò fún kó tó rí owó gbà. Kó dé kí ilẹ̀ tó mọ́, kó kọ orúkọ sórí pépà tí bàbá kan láti Ajégúnlẹ̀ mú dání, nọ́ńbà 214. Kó mú lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́ àkọ́kọ́ wá, ojúlówó, kì í ṣe fọ́tókọ́pì. Kó mú ìwé ìgbéga kọ̀ọ̀kan wá. Kó fi hàn pé òun ṣì wà láàyè. Tí akọ̀wé bá ní ojú rẹ̀ ò jọ ti fọ́tò, kó lọ búra ní kóòtù, kó padà wá lọ́jọ́ Túsìdeè. Tó bá ní òun ò lè dúró mọ́, kí wọ́n sọ ti àwọn òṣìṣẹ́ Nigeria Airways fún un: ilé iṣẹ́ wọn kógbá sílé ní nǹkan bí ọdún 2004, ọdún 2018 ni wọ́n tó rí ìdajì owó wọn, àwọn tó ṣì wà láyé nínú wọn.

Ilé rẹ̀ náà ò gbọdọ̀ fò. Ẹ̀tọ́ ni. Kí wọ́n kọ́ ọ fún un ní Bàdíà níbí, lórí irà tí a fi àkìtàn dí, níbi tí fèrè rélùwéè á ti máa jí i. Bí àgbàrá bá wọlé ní oṣù kẹfà, ṣebí owó bẹ́ẹ̀dì ń bọ̀. Bí katapílà bá sì dé ní Sátidé kan, kó jáde sí wọn, kó na lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́ sí ọlọ́pàá. Ṣùgbọ́n bí ọlọ́pàá bá ka ipò tó dì mú níbẹ̀, tó wá bi í pé pẹ́ńṣọ̀n àwọn ńkọ́, kí ọ̀gá tètè sáré padà sórí ìlà.