Irọ́ Ogún Ọdún, Òtítọ́ Ọjọ́ Kan

Ní oṣù Keje ọdún 2025, ní ọjọ́ kejì tí wọ́n sin Muhammadu Buhari, ààrẹ Nàìjíríà tẹ́lẹ̀, sí Daura, mẹkáníìkì kan tó jẹ́ ọ̀rẹ́ mi ní Sábó, nílùú Ilé-Ifẹ̀, fà mí sẹ́yìn mọ́tò, ó tú àṣírí fún mi: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má jẹ́ kí wọ́n tàn yín jẹ. Jubril ni wọ́n sin."

Ẹ má rò pé gbẹ̀rẹ̀fu ni ọkùnrin yìí. Bí ẹ bá gbé páàtì wá fún un, tí ẹ ní ojúlówó ni, á gbé e síwájú oòrùn, á yí i síbìí yí i sọ́hùn-ún, á gbóòórùn rẹ̀, á ní ayédèrú ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹnì kan tí kò rí rí fi ohùn ránṣẹ́ sí i lórí WhatsApp pé Buhari ti kú láti ọdún 2017, pé wọ́n ti fi ará Sudan kan tó ń jẹ́ Jubril rọ́pò rẹ̀, kò yí i, kò gbóòórùn rẹ̀. Ó gbé e mì láìrún un lẹ́nu.

Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. A ti mọ ìyẹn. Ohun tí àgbà kan ò sọ fún wa ni bí yóò ti rí bí òtítọ́ bá bá irọ́ tán, tí irọ́ sì yíjú sí i, tó bi í pé: "Ta ló rán ọ níṣẹ́? Èló ni wọ́n fún ọ?"

Nítorí òtítọ́ ti bá irọ́ yìí láìmọye ìgbà. Nnamdi Kanu, olórí IPOB, ẹgbẹ́ tó ń jà fún Biafra, ló pariwo rẹ̀ jù. Ní ọjọ́ 2 oṣù Kejìlá ọdún 2018, Buhari dúró níwájú àwọn ọmọ Nàìjíríà ní Kraków, lórílẹ̀-èdè Poland, ó ní òun ni òun, pé òun máa tó pé ẹni ọdún 76. Odidi ààrẹ ń bẹ aráyé kí wọ́n gbà pé òun kì í ṣe ẹlòmíì! Irọ́ rẹ́rìn-ín: "Bí kì í bá ṣe ayédèrú, kí ló ń wí àwíjàre sí?" Buhari kúrò lórí oyè lọ́dún 2023, irọ́ ò sinmi. Ó kú sí London ní ọjọ́ 13 oṣù Keje ọdún 2025, irọ́ ní Jubril ló kú. Wọ́n pa ọkùnrin kan lẹ́ẹ̀mejì, síbẹ̀ wọn ò jẹ́ kó kú ikú ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan.

Ilé-Ifẹ̀ la sì ti ń sọ eléyìí o! Níbi tí wọ́n ti kọ́ wa láti kékeré pé Ọbàtálá ló ń fi amọ̀ mọ èèyàn, pé lọ́jọ́ tó mu ẹmu yó, ọwọ́ rẹ̀ ṣìṣe. Ọwọ́ òrìṣà ṣìṣe, ṣùgbọ́n ọwọ́ àwọn tó mọ Jubril ò ṣì rárá. Ìyàwó ò mọ ìyàtọ̀. Àwọn ọmọ ò mọ ìyàtọ̀. Àwọn màlúù tó wà ní Daura gan-an ò fura. Mẹkáníìkì kan ní Sábó nìkan lojú rẹ̀ là. Orílẹ̀-èdè tí kò lè fún wa níná mọ́jú, òun náà ló wá pa àṣírí èèyàn tuntun mọ́ fún ọdún mẹ́jọ tí awo ò ya.

Bí ẹ bá ní ọ̀rọ̀ Abuja nìyẹn, ẹ jẹ́ ká wá sílé. Nínú ìbò gómìnà Ọ̀ṣun ní ọjọ́ 22 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2018, Ademola Adeleke ti PDP fi ìbò 353 ṣíwájú Gboyega Oyetola ti APC. INEC, àjọ elétò ìdìbò, ní ìbò ò tíì parí. Wọ́n tún un dì ní ibùdó ìdìbò méje, lára wọn ní Gúúsù Ifẹ̀ àti Àríwá Ifẹ̀, Oyetola sì fi ìbò 482 wọlé. Lọ́dún 2019, ìgbìmọ̀ tó ń gbọ́ ẹjọ́ ìdìbò dá Adeleke láre. Ilé-Ẹjọ́ Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn àti Ilé-Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ dá a padà fún Oyetola. Lọ́dún 2022, Adeleke wọlé. Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2023, ìgbìmọ̀ dá Oyetola láre. Ilé-ẹjọ́ méjèèjì òkè dá a padà fún Adeleke. Àwọn tó ní òdodo wà nísàlẹ̀, owó ló sọ̀rọ̀ lókè lọ́dún 2019, àwọn náà ló ń jó lọ́dún 2023 pé Ọlọ́run ń bẹ lókè. Àwọn tọ̀hún sì gba ọ̀rọ̀ tí wọ́n jù sílẹ̀, wọn ò yọ ẹyọ kan kúrò nínú rẹ̀. Nínú gbogbo wọn, n ò tíì rí ẹni tó ka ojú ewé kan nínú ìdájọ́ náà.

Síbẹ̀, n ò ní di gbogbo ẹrù ẹ̀bi lé mẹkáníìkì mi lórí. Ta ló kọ́ ọ ní ìfura? Wọ́n gbé Ààrẹ Yar'Adua lọ sí Saudi Arabia ní oṣù Kọkànlá ọdún 2009, òru ni wọ́n gbé e wọlé padà ní oṣù Kejì ọdún 2010, aráàlú ò sì fojú kàn án títí ó fi kú ní oṣù Karùn-ún. Buhari náà lo ju oṣù mẹ́ta lọ ní London lọ́dún 2017, wọn ò sọ irú àìsàn tó ń ṣe é fún àwọn tí owó wọn ń san owó ìtọ́jú. Ìjọba tó di ẹnu ara rẹ̀, ṣé ó yẹ kó bínú bí WhatsApp bá bá a sọ̀rọ̀?

Àmọ́ àṣírí ìjọba ò tó láti mú kí àgbàlagbà máa sin òkú ará Sudan. Ẹgbẹ́ ni. Irọ́ òṣèlú ti di aṣọ ẹbí: kò sẹ́ni tó ń bèèrè bóyá aṣọ náà dára, bóyá yóò ṣí lára, ká ṣáà wọ̀ ọ́ kí wọ́n lè mọ ẹ̀yìn ẹni tí a wà. Ẹni tó bá sì bọ́ ọ, ọ̀tá ló dà. Ẹ wá wo ẹ̀yìn àwọn tó mú aṣọ náà wá. Adeleke tí wọ́n torí rẹ̀ fi agboòrùn PDP búra ti bọ́ sínú ẹgbẹ́ Accord lọ́dún 2025, kò sì bèèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni ní Sábó kó tó lọ. Àwọn tó dá aṣọ ti bọ́ ọ. Ẹ̀yin tẹ gbà á láwìn lẹ ṣì ń san gbèsè rẹ̀.