Wolé-wolé ń bọ̀!

Ẹni tó bá gbé Èkó kí ọdún 2016 tó parí kò ní gbàgbé Sátidé tó máa ń kẹ́yìn oṣù. Láti aago méje àárọ̀ sí mẹ́wàá, ọkọ̀ kò gbọdọ̀ rìn: ìmọ́tótó àyíká ni. Ìjọba ológun Buhari àti Idiagbon ló dá a sílẹ̀ láàárín 1984 sí 1985. Wọ́n rò pé a ó máa kó gọ́tà.

Gọ́tà kẹ̀? Oorun la máa ń sùn. Àwọn ọ̀dọ́ á to òkúta méjì-méjì sójú títì, wọ́n á máa gbá bọ́ọ̀lù. Baálé ilé á dùbúlẹ̀, á tẹ́tí sílẹ̀, bí ẹnì kan bá ti pariwo pé "Wolé-wolé!", kíá ló ti di ìgbálẹ̀ mú, á wá máa gbá ibi tí ìyàwó rẹ̀ ti gbá tán.

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2016, ìjọba Èkó ní kí kálukú máa rìn. A jó, a yọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí Sátidé dé, ọ̀gá ní ká yọjú síbi iṣẹ́ "fún wákàtí kan péré". Tísà ní káwọn ọmọ wá fún lẹ́sìn ní aago mẹ́jọ. Ẹbí ìyàwó ti ta aṣọ ẹbí, aago mẹ́wàá ni wọ́n sì fi ìnáwó sí.

Ẹ̀yin ìjọba, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa ti títì pa.