Ọ̀gágun Oníbúrọ́ọ̀ṣì

Ẹ bá mi kí àwọn ọ̀gágun wa. Kì í ṣe àwọn tó ń gbébọn ní bárékè ni mò ń wí o. Àwọn tí mò ń wí, inú yàrá ni wọ́n ti ń ja tiwọn, orí tábìlì ìjẹun ni ojú ogun, ohun ìjà wọn sì ni búrọ́ọ̀ṣì tínńtín kan tí ẹnu rẹ̀ kò tó ìpéǹpéjú ọmọ tuntun. Ọmọ ogun wọn kò ga ju àtàǹpàkò lọ, ike sì ni láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Ọ̀gágun fúnra rẹ̀ ti lé ní ogójì ọdún, ó ní ìyàwó, ó bímọ, ó ń san owó ilé ní Lewisham. Ẹ dán an wò kí ẹ pe ọmọ ogun rẹ̀ ní ọmọlangidi. Ìjà dé nìyẹn.

Eré orí tábìlì yìí ni wọ́n ń pè ní Warhammer 40,000. Ilé iṣẹ́ Games Workshop ló gbé e jáde lọ́dún 1987, Rick Priestley ló kọ ìwé àkọ́kọ́ rẹ̀, Nottingham nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì ni olú ilé iṣẹ́ wọn wà. Gbọ̀ngàn kan wà níbẹ̀, Warhammer World, tí wọ́n to ère sí lẹ́yìn gíláàsì lọ rẹrẹ. Ọ̀nà jíjìn ni àwọn ọ̀gágun ti ń wá wò ó, ẹni tó bá sì ti ibẹ̀ dé, eyín wúrà nìkan ló kù kó fi sẹ́nu.

Ìtàn inú eré náà kò ní ẹ̀rín kankan. Ayé ti di ọdún 40,000 ó lé, ogun ló gba gbogbo àárín ìràwọ̀. Ọba ọmọ aráyé ti wà lórí ìtẹ́ wúrà láti nǹkan bí 10,000 ọdún, kò kú, kò yè, ẹgbẹ̀rún ènìyàn ni wọ́n sì ń fi rúbọ lójoojúmọ́ kí ẹ̀mí má baà bọ́ lára rẹ̀. Àwọn kòkòrò Tyranid ń jẹ ayé kan mọ́ òmíràn. Àwọn Necron, òkú onírin, ń jí dìde nínú ibojì. Ọ̀rọ̀ ti kọjá àwàdà! Ẹ wá bi ọ̀gágun wa ní Lewisham pé kí ló dé tí ọmọ ogun tirẹ̀ kò tíì jáde. Á ní ọ̀dà ò tíì gbẹ.

Mo tiẹ̀ rò pé ìdí tí wọ́n fi sún ogun náà síwájú títí dé ọdún 40,000 nìyẹn. Bó bá jẹ́ ogun ọdún tó ń bọ̀ ni, ìlàjì ọmọ ogun ni ì bá lọ ní ìhòòhò.

Nítorí ọ̀rọ̀ aṣọ ẹbí ká wọn lára ju ọ̀rọ̀ ọ̀tá lọ. Ẹ má rẹ́rìn-ín, bó ṣe rí nìyẹn. Àwọn Space Marine, ọmọ ogun Ọba orí ìtẹ́ wúrà yẹn, pín sí ìdílé ìdílé, ìdílé kọ̀ọ̀kan ló sì ní àwọ̀ tó mú: Ultramarines mú búlúù, Blood Angels mú pupa, Dark Angels mú àwọ̀ ewé, Imperial Fists mú yẹ́lò. Ọ̀gágun lè fi oṣù kan gbáko ronú lórí èyí tí òun máa mú. Á gbé búlúù ti búlúù lábẹ́ iná, á pe ọ̀rẹ́ rẹ̀ lórí fóònù lóru, "Ṣé kí n fi góòlù sí etí èjìká ni àbí fàdákà?" Ìyá ìyàwó tó ń ṣe ìgbéyàwó ọmọ kì í dààmú tó báyìí, ìyẹn sì ń retí àlejò 500. Èèyàn ike 10 ni tiwọn! Lójú ogun gidi, ẹni tó ń lọ jà á máa wá bí ọ̀tá ò ṣe ní rí òun. Tiwọn kọ́. Wọ́n á wọ búlúù tó ń dán, wọ́n á fi góòlù gbá a létí, wọ́n á ta àsíá sẹ́yìn, wọ́n á wá gun orí àpáta kékeré kan lọ dúró sí, kí ìbọn ọ̀tá má baà ṣìnà.

Ẹni tó bá sì mú yẹ́lò, kó tètè lọ gba ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́. Yẹ́lò kì í bo ilẹ̀ dúdú. Kùn ún lẹ́ẹ̀kan, dúdú ń yọjú. Kùn ún lẹ́ẹ̀kejì, dúdú ń yọjú. Nígbà tó bá di ẹlẹ́ẹ̀kẹta, ọ̀gágun ti ń sọ ọ̀rọ̀ tí kò yẹ kí ọmọdé gbọ́.

Nínú gbogbo ẹ̀yà tó ń jà nínú eré náà, àwọn Ork nìkan ló ní làákàyè nípa ọ̀dà. Ìgbàgbọ́ Ork ni pé ọkọ̀ tí wọ́n bá kùn ní pupa á máa sáré ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, nítorí pé gbogbo wọn sì gbà á gbọ́, ó ń sáré lóòótọ́. Wọ́n tún ní àwọ̀ elése àlùkò ni kì í jẹ́ kí ọ̀tá ríni. Ẹ sọ òótọ́, ṣé ẹ ti rí Ork elése àlùkò rí? Ẹ ò rí nǹkan!

Ẹ jẹ́ ká fà sún mọ́ tábìlì ọ̀gágun ká wò ó lẹ́nu iṣẹ́. Ike wọ̀nyẹn kì í jáde nínú páálí ní odindi. Orí lọ́tọ̀, apá lọ́tọ̀, ìbọn lọ́tọ̀, gbogbo rẹ̀ so mọ́ férémù. Á gé e, á fi abẹ ha ojú ibi tó ti gé e, á fi gúlúù lẹ̀ ẹ́, ìka tirẹ̀ náà á lẹ̀ mọ́ ọn. Ọ̀dà ìpìlẹ̀ ló kàn, èyí tí wọ́n ń fín láti inú agolo. Òórùn rẹ̀ ò jẹ́ kó ṣe é fín nínú ilé, ìta ni òjò sì wà. Ẹ ó rí àgbà ọkùnrin lẹ́yìnkùlé nínú òtútù, tòun ti páálí bàtà, tó ń mi agolo, tó ń wo sánmà. Aládùúgbò tó bá rí i á rọra fa kọ́tìnì.

Lẹ́yìn ìyẹn, òfin kan ṣoṣo ni: kí ọ̀dà fẹ́lẹ́, kó sì jẹ́ ìpele méjì. Duncan Rhodes ló fi fídíò kọ́ ọ̀pọ̀ wọn bẹ́ẹ̀. Ọ̀dà tirẹ̀ tó wá gbé jáde nígbẹ̀yìn, Two Thin Coats ló pè é. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ bá wá rí jákujàku, ọ̀gágun á nawọ́ sí ìgò Nuln Oil, omi dúdú kan tó ń ṣàn wọ gbogbo kọ̀rọ̀ ara ère, tó ń mú kí iṣẹ́ ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ṣe fara jọ iṣẹ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n. Àwọn fúnra wọn ló sọ pé ẹ̀bùn àbínibí ló wà nínú ìgò yẹn. Mi ò fi kún un, mi ò yọ níbẹ̀.

Ìgbà tó bá kan ojú ni kí ẹ wá wòran. Ẹyinjú ère náà kò tó orí abẹ́rẹ́. Ọ̀gágun á wọ awò, á gbé awò ńlá lé awò, á fi ìgbọ̀nwọ́ méjèèjì ti tábìlì, á yọ ahọ́n síta, á sé èémí. Gbogbo ilé gbọ́dọ̀ bá a sé e. Funfun kọ́kọ́ lọ, ó dára. Ó ku dúdú, ẹ̀kán kan péré. Ó kàn án... áà! Ọmọ ogun tó yẹ kó máa ṣọ́ ọ̀tá ti ń wo imú ara rẹ̀. Ó nù ún, ó tún un ṣe, ó wá ń wo òkè ọ̀run. Kàkà kó tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan sí i, ọ̀gágun mú akoto, ó dé e mọ́ ọn lórí pátápátá. Ẹ̀yin tí ẹ rò pé ọta ìbọn ni wọ́n ń torí ẹ̀ dé akoto, ẹ wá nǹkan sọ.

Búrọ́ọ̀ṣì náà kì í ṣe ti ọjà gbogbo-ẹ̀-pọ́n-ùn-kan o. Irun ìrù ẹranko kékeré kan láti Siberia ni. Èyí tí wọ́n ń fi yangàn jù ni Series 7 ti Winsor & Newton, tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe lọ́dún 1866 fún Ọbabìnrin Victoria tó fẹ́ràn àwòrán yíyà. Ohun tí wọ́n ṣe fún ọbabìnrin, ẹnu ni ọ̀gágun ń fi í sí, ahọ́n ló fi ń pọ́n ọn. Ife méjì ló sì wà níwájú rẹ̀: tíì wà nínú ọ̀kan, omi ìfọbúrọ́ọ̀ṣì wà nínú ìkejì. Tó bá fi máa di aago mọ́kànlá alẹ́, àwọ̀ kan náà ni méjèèjì. Ẹ̀yin náà ẹ mọ èyí tó ń gbé mì.

Ìyàwó rẹ̀ wá ní kó bá òun kun ògiri bálùwẹ̀ tó ti ń bó. Ọ̀gágun ní òun kì í ṣe akunlé, kí wọ́n wá ẹni tó mọ̀ ọ́n. Ọkùnrin tó ya èékánná fún ère tí kò tó ìka! Ọ̀gágun oníbúrọ́ọ̀ṣì, a-ra-ogún-kun-ẹyọ-kan, a-fi-ọ̀dà-dá-ogun-dúró, ògiri ń kí yín o.

Ra-ogún-kun-ẹyọ-kan yẹn kì í ṣe èébú, ìtàn ìgbésí ayé wọn ni. Páálí tí wọn kò tíì kùn wà lábẹ́ ibùsùn, ó wà lókè àpótí aṣọ, ó wà nínú bọ́ọ̀tù ọkọ̀. Òkìtì ìtìjú ni àwọn fúnra wọn ń pè é, síbẹ̀ ìtìjú ò dí wọn lọ́wọ́. Nígbà tí páálí Leviathan jáde lọ́dún 2023, ère 72 ló wà nínú ẹyọ kan. Ẹni tí kò tíì kun mẹ́wàá tó rà lọ́dún márùn-ún sẹ́yìn tò sórí ìlà, ó rà á. Ẹ má wò ó pé owó kékeré ni wọ́n ń ná: ní oṣù Kejìlá ọdún 2024, Games Workshop wọ inú FTSE 100, ẹgbẹ́ ilé iṣẹ́ 100 tó tóbi jù ní ọjà ìpín owó London. Ilé iṣẹ́ tó ń ta ike tí oníbàárà máa fúnra rẹ̀ gé, fúnra rẹ̀ lẹ̀, fúnra rẹ̀ kùn, ti jókòó ti báńkì àti oníepo.

Àìsàn náà sì pẹ́ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. H. G. Wells, ẹni tó kọ ìtàn àwọn ará Mars tó wá gbógun ti ayé lọ́dún 1898, kọ òfin ogun ọmọlangidi sínú ìwé Little Wars lọ́dún 1913. Ó ní eré náà wà fún ọmọkùnrin láti ọmọ ọdún 12 títí dé ẹni 150 ọdún. Nítorí náà, bí ẹ bá ń sọ fún ọ̀gágun pé ó ti dàgbà jù, ó ṣì ní ọgọ́rùn-ún ọdún gbáko lọ́wọ́.

Ká má parọ́, ọwọ́ àwọn kan nínú wọn dáa ju ti oníṣọ̀nà lọ. Ìdíje kan wà, Golden Demon, tó ti wà láti ọdún 1987. Ẹni tó bá borí gbogbo wọn, idà gidi ni wọ́n ń gbé lé e lọ́wọ́. Ìyẹn nìkan ni ohun ìjà tó ju àtàǹpàkò lọ nínú gbogbo ogun yìí.

Ọjọ́ ìjà á pàpà dé. Wọ́n á na téèpù sórí tábìlì, Space Marine á rin íǹṣì 6, wọ́n á da dáìsì. Ère tó pẹ́ jù lọ́wọ́ ọ̀gágun, tó gbé síwájú kí gbogbo ayé lè rí i, òun ni ọ̀tá kọ́kọ́ pa. Àwọn ike aláwọ̀ eérú tí alátakò rẹ̀ kò kùn rárá ló rìn kọjá lórí rẹ̀.

Kí ẹ tó máa bá a kẹ́dùn, ẹ gbọ́ ohun tó wà nínú òfin eré tó jáde lọ́dún 2023: nínú máàkì 100 tí èèyàn lè gbà, 10 wà fún ẹni tó bá kun gbogbo ọmọ ogun rẹ̀ tán. Kò dìgbà tó bá jà dáadáa, kò tiẹ̀ dìgbà tó bá da dáìsì. Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gágun. Máàkì 10 yín wà nílẹ̀, ẹ lọ parí ẹsẹ̀ òsì.