Bí Ẹ Bá Sọ̀ ní Mọ́níyà

Ọdún 2021 ni ìjọba ṣí rélùwéè tuntun tó ń gbé èrò láti Èkó wá sí Ìbàdàn. Mọ́níyà ló ń já wọn sí. Ẹni tó ń lọ sí Dùgbẹ̀ láàárín ìlú ṣì máa wọ ọkọ̀ mìíràn. Ẹ má bínú, ẹ dúró díẹ̀. Ilé àlejò wà ní IITA, ilé-iṣẹ́ ìwádìí ọ̀gbìn tó wà nítòsí, níbi tí irúgbìn ẹ̀wà pàápàá ti ń sùn nínú òtútù ẹ̀rọ. Ẹ̀wà tí kò ríbi sùn níbẹ̀ ti di gbẹ̀gìrì lọ́jà. Ibi tí àwọn awakọ̀ bá pọ̀ sí ni kí ẹ ti jẹun: àmàlà gbígbóná, ewédú, ẹran. Ẹni tó bá béèrè fọ́ọ̀kì, ẹ bá wa fi ọ̀nà rélùwéè hàn án.